Ìwé gbélé-ẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí n sáìn kíákíá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Kémi, Kubwa:

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, tí mo bá sì ṣì í tẹ̀ ẹ bá mi tún un kà, mi ò ní awò ojú lọ́wọ́, ẹ máa gbọ́ ibi tó wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, aago mẹ́ta ku díẹ̀, a ti ń palẹ̀ mọ́ kí go-slow Berger tó mú wa, ni HR, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bá pè mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ lííìfù mi ni. Mo débẹ̀ mo bá ọ̀gá wa àti arábìnrin kan tí mi ò rí rí, wọ́n gbé omi síwájú mi, ara sì ti fu mí, torí ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin tí mo ti wà níbẹ̀, ẹnì kankan ò fún mi lómi rí. Wọ́n ní owó tó ń wá láti òkè òkun ti dúró, iṣẹ́ tí à ń ṣe ti parí, pé mi ò ṣẹ̀ wọ́n o. Wọ́n wá gbé ìwé méjì jáde. Ọ̀kan ní iṣẹ́ mi parí lópin oṣù yìí. Èkejì ní àwọn á fún mi lówó oṣù méjì, tí mo bá ti gbà á, mi ò gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn mọ́ láéláé. Wọ́n ní kí n sáìn méjèèjì kí n tó jáde.

Bíró ti wà lọ́wọ́ mi o. Ohun tó kó mi yọ ni pé mi ò rí ìwé yẹn kà dáadáa, mo ní ẹ jẹ́ n lọ mú awò ojú mi wá lórí tábìlì. Bí mo ṣe jáde síta ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mi ò tiẹ̀ yà síbi tábìlì mọ́, mo bá ẹnu géètì lọ, mo wọkọ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta HR fi WhatsApp ránṣẹ́ pé tí mi ò bá sáìn títí di Ọjọ́rú, owó oṣù méjì yẹn lè bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Owó oṣù mi jẹ́ 310,000 náírà, basic ibẹ̀, ìyẹn láì ka àláwáǹsì, jẹ́ 180,000. Mo jẹ kọ́púrétíìfù ọ́fíìsì ní 240,000. Owó ilé wa máa tó pé láàárín oṣù méjì. Ìyá Kémi ò tíì mọ̀. Mo wọṣọ jáde láàárọ̀ yìí bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ mai shayi kan tó ń ta tíì ní Jabi ni mo ti ń tẹ èyí. Kí ni kí n ṣe?


Àǹtí Títí, Gwarinpa:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o Bàbá Kémi. Awò ojú yẹn, ẹ máa fi ṣe ìrántí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe HR kí n tó fi í sílẹ̀ tí mo lọ ń ta aṣọ, èmi náà ti gbé omi síwájú èèyàn rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọjọ́ Ẹtì yẹn, wọn ò ṣèèṣì mú un. Wọ́n mọ̀ pé èèyàn ò ní rí lọ́yà bá sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé, wọ́n mọ̀ pé ojú á ti ti onítọ̀hún, á fẹ́ tètè kúrò níwájú wọn kí omijé tó bọ́, á sáìn. Àwọn tí mo rí tó sáìn lójú ẹsẹ̀, ìtìjú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í ṣe pé owó yẹn tó wọn.

Ìwé méjì yẹn ò jọra wọn. Lẹ́tà tó ní iṣẹ́ parí, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti gbà á, ẹ fi déètì àti aago sí i, ìyẹn ò sọ pé ẹ fara mọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀. Èkejì ni ká rọra ṣe. Èkejì yẹn ni ẹ fi ń sọ pé ẹ̀tọ́ yín ti tán pátápátá, kò sì séèyàn tó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ láì mọ iye tí ẹ̀tọ́ ọ̀hún jẹ́.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé àdéhùn tí ẹ sáìn lọ́jọ́ tí ẹ wọṣẹ́ àti handbook ilé iṣẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ redundancy (dídín òṣìṣẹ́ kù) tàbí severance (owó tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n dá dúró) tàbí end of contract. Ẹ wo iye oṣù tí wọ́n ní àwọn máa san fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bóyá basic ni wọ́n máa fi ṣírò ẹ̀ àbí gross, ìyẹn gbogbo owó oṣù pátá, ibẹ̀ yẹn ni ìjà máa ń wà jù. Ẹ wo nótíìsì. Ẹ wo ọjọ́ lííìfù tí ẹ ò tíì lò, pé ṣé wọ́n máa ń sọ ọ́ di owó. Owó tí ẹ fi tọ́jú iṣẹ́ láti àpò yín náà ńkọ́, bí ẹ bá ti rìnrìn àjò lọ Lafia tàbí Minna tí wọn ò tíì dá a padà? Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú oṣù méjì wọn yẹn, mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ wá kọ ímeèlì, kúkúrú, láì bínú. Ẹ ní ẹ ti gba ìwé tọjọ́ Ẹtì, ẹ dúpẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ẹ fẹ́ kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti kà á, kí wọ́n sì jọ̀ọ́ fi ìṣirò owó náà ránṣẹ́, kí ó hàn bí wọ́n ṣe dé orí iye yẹn. Ó tán. Ẹ má sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, ẹ má dá Ọlọ́run sí i, ẹ má sọ nípa ọmọ mẹ́ta tí ẹ ní. Ẹni tó ń ka ímeèlì yẹn máa gbé e fún ẹlòmíì kà, ẹlòmíì yẹn ló ní owó lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá tún yí ọ̀rọ̀ padà pé kẹ́ ẹ fúnra yín kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ kó má bàa ba CV yín jẹ́, ẹ má gbà. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde kì í sábà gba owó ẹni tí wọ́n dá dúró. Mo ti rí i.


Ṣeun, Mararaba:

Ẹ̀yin ń kọ ímeèlì "mo dúpẹ́", wọ́n ti lé e! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó láptọ́ọ̀pù wọn sọ́dọ̀, ẹ pa gbogbo fáìlì inú ẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ wá lọ sọ gbogbo ẹ̀ lórí X kí ayé gbọ́. Wọ́n á wá bá yín fúnra wọn.


Àǹtí Títí, Gwarinpa:

Wọ́n á wá, wọ́n á sì mú ọlọ́pàá dání. Ṣeun jọ̀ọ́. Bí wọ́n ṣe dá a dúró yìí, kò ṣẹ̀ wọ́n, ìyẹn gan-an ni agbára ẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti pa fáìlì wọn rẹ́, wọ́n ti rí ẹ̀sùn tí wọ́n ń wá, owó oṣù méjì náà lè má wá mọ́.


Ìwọ̀fà Oṣù, Nyanya:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ mai shayi yẹn ló mú mi wọlé wá kọ nǹkan, mi ò kì í dá sí i níbí tẹ́lẹ̀.

2023 ni wọ́n dá èmi dúró níbi iṣẹ́ kan ní Wuse 2. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jí láago márùn-ún, mo wẹ̀, mo so táì, ìyàwó mi á gbé abọ́ oúnjẹ sínú báàgì mi, mo wọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Nyanya, mo lọ jókòó sí Millennium Park ní Maitama, èyí tí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣí ní 2003. Mo ní ìdí igi tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Tó bá di aago kan mo jẹ ìrẹsì mi, mo sùn díẹ̀, mo ṣí CV, mo wò ó, mo pa á dé. Ní aago mẹ́rin mo tún táì mi so, mo lọ bá wọn kó sínú go-slow bíi gbogbo èèyàn tó ń tiṣẹ́ bọ̀. Mo tiẹ̀ máa ń ráhùn nípa ọ̀gá mi tí mo bá délé, ẹ ò rí i pé ayé mi bàjẹ́.

Èèmọ́ ló tú mi síta. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan ìyàwó mi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó gbé ṣòkòtò tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó rí i pé èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ etí ẹsẹ̀ ẹ̀ yí ká. Ó jókòó, ó ń fi èékánná já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú mi rárá. Ó ní, "Bàbá Sódíq, ọ́fíìsì yín ti di oko báyìí?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Òun ò tiẹ̀ sunkún. Ó dìde, ó nuwọ́, ó wọlé, ó mú ìwé àjọ ẹ̀ wá, ó ní 150,000 wà níbẹ̀ tó máa kàn án lóṣù tó ń bọ̀, pé ká jọ jókòó ká ṣírò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń náwó mọ́tò lọ sùn lábẹ́ igi, èèyàn tó lówó wà nínú ilé mi.

Ẹ lọ sọ fún Ìyá Kémi lónìí. Kẹ́ ẹ tó lọ kọ ímeèlì kankan.


Ìyá Alátarẹ, Wuse Market:

Ọmọ yìí pa mí lẹ́rìn-ín ó tún pa mí lẹ́kún. Ọ́fíìsì tó di oko!


Lọ́yà Kékeré, Garki:

Ẹ má pè mí ní barrister níbí o, mi ò gba owó lọ́wọ́ yín. Mo kàn fẹ́ la ọ̀rọ̀ òfin yé yín díẹ̀ torí mo rí i tí àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lásọdùn.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, sọ̀rọ̀ nípa redundancy ní abala 20. Ó ní kí ẹni tó gbani síṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tó fi fẹ́ dín èèyàn kù àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ó ní ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, àmọ́ wọ́n lè wo ìmọ̀ àti ìṣe èèyàn pẹ̀lú ẹ̀. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ sapá láti bá wọn dúnàádúrà owó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn, dúnàádúrà. Òfin ò dá iye kan pàtó. Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé ẹni tí òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́, kò kan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso, iṣẹ́ ọ̀gá tàbí iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Bàbá Kémi, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ọ́fíìsì lẹ wà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kò kàn yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ Àǹtí Títí, ìwé àdéhùn yín ni òfin yín. Bó bá sọ pé oṣù kan fún ọdún kan, wọ́n jẹ yín ní owó yẹn.

Nótíìsì náà, abala 11 ni: ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan, láti ibẹ̀ dé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan. Tí wọn ò bá fẹ́ fún un ní nótíìsì, wọ́n lè san owó ẹ̀, àmọ́ ẹ má retí pé wọ́n á ka àláwáǹsì mọ́ ọn. Ìwé àdéhùn lè fún èèyàn ju èyí lọ o.

Bí wọ́n bá taku, lẹ́tà lọ́yà kan máa ń yí ọkàn wọn padà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni National Industrial Court, olú ilé wọn wà ní Garki níbí. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, ó lè lọ béèrè ní Legal Aid Council. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, ẹjọ́ ò dùn, ó máa ń pẹ́, ẹni tó bá lè fi ẹnu gbà á kó fi ẹnu gbà á.

Ó tún kù ẹyọ kan. Nípa owó orí: owó ìtùnú tí wọ́n ń san fún ẹni tó pàdánù iṣẹ́, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ti gbé ibi tí kò ní owó orí dé mílíọ̀nù 50 náírà, mílíọ̀nù 10 ló wà tẹ́lẹ̀. Bí akáǹtánọ̀ wọn bá yọ owó orí lórí severance yín, ẹ béèrè ìdí. Owó oṣù tí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ìyẹn ní owó orí tiẹ̀.


Ọmọ Ọ̀ffà, Kano:

Ẹ kú àpérò o. NGO lèmi náà wà kí Amẹ́ríkà tó dá owó ìrànwọ́ dúró ní January 2025, ọ̀sẹ̀ kan ni àwa púpọ̀ fi di ẹni tó ń wáṣẹ́, ní Kano níbí, ní Maiduguri, ní Abuja yẹn náà. Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ severance, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan pẹ́ńṣọ̀n.

Bàbá Kémi, ẹ pe PFA yín, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n yín, lónìí, ẹ ní kí wọ́n fi statement RSA, àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n yín, ránṣẹ́, láti ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e lóṣooṣù. Nínú owó oṣù yín wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ ní láti fi ìdá 10 kún un, kí wọ́n sì san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó oṣù. Èmi wo tèmi, oṣù mẹ́rin ni kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú páyisíìpù mi! Nígbà tí mo kọ̀wé tí mo ní mo máa gbé e lọ PenCom, àjọ tó ń ṣàkóso pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n rí owó. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 fi owó ìtanràn sí i, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọn ò san, lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sáìn ìwé "mi ò béèrè nǹkan kan mọ́" yẹn o, ẹ gbọ́?

Tí ẹ ò bá tíì pé ọmọ 50, tí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ẹ ò rí iṣẹ́ mìíì, òfin gbà kẹ́ ẹ mú tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún nínú RSA. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fọwọ́ kan tèmi, mo ṣì ń kábàámọ̀ ẹ̀ díẹ̀, ìrẹsì ni mo fi jẹ.

Kẹ́ ẹ sì rántí bánkì. Látìgbà tí CBN ti gbé ètò GSI jáde ní 2020, ẹni tó bá jẹ lóònù tí kò san, bánkì tó yá a lówó lè fa owó yẹn nínú àkáǹtì ẹ̀ ní bánkì mìíràn, BVN ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, severance wọlé láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti pòórá. Bí ẹ bá ní lóònù ẹ lọ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n tún un pín.


Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Kaduna:

Ọ̀rọ̀ ìwé ni tèmi.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣọ kan níbí, ẹ má béèrè èwo, ọ̀pọ̀ wọn ló ti ti ilẹ̀kùn pa. Ọjọ́ tí wọ́n dá wọn dúró wọ́n ní gratuity ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ yẹn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn bàbá mi ní agolo bisikíìtì kan, èyí tó tóbi yẹn, gbogbo páyisíìpù ẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, káàdì ọ́fíìsì, ìwé ìgbéga méjì, ó máa ń já ewé dongoyárò sáàárín wọn kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Àwa ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní Baba ń sin ìwé bí ẹni sin òkú. Nígbà tí wọ́n wá pè wọ́n fún screening, tábìlì kan ṣoṣo, ìlà gùn títí dé ojú títì, àwọn tí kò níwèé wọ́n ní kí wọ́n lọ múwèé wá, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Màmá mi ló gbé agolo yẹn lọ, bàbá mi ti kú nígbà yẹn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ ka ọdún iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n sanwó fún un. Ewé dongoyárò ń já bọ́ sórí tábìlì wọn.

Bàbá Kémi, kí wọ́n tó ti ímeèlì yín pa, ẹ fi ohun tó jẹ́ tiyín ránṣẹ́ sí ti ilé: páyisíìpù, lẹ́tà, appraisal, àwọn tí wọ́n ti yìn yín. Ohun tó jẹ́ tiyín nìkan o. Orúkọ àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ inú ilé iṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.


Bàbá Kémi, Kubwa:

Ẹ ṣé gan-an ni, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti sọ fún un. Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ sùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé awò ojú mi dà. Ìyẹn ló kọ́kọ́ béèrè o! Ó ní láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń dijú wo fóònù, pé òun ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà òun ló ka ìwé àdéhùn yẹn sí mi létí, ó gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sókè torí NEPA ti mú iná lọ, ó ń ka Òyìnbó yẹn láti ojú ìwé kìíní, ibi tó bá le á ní "ẹ dúró ná", á tún un kà. Ojú ìwé kẹsàn-án ló ti rí i: tí wọ́n bá dín èèyàn kù, oṣù kan basic fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó pé, yàtọ̀ sí nótíìsì oṣù kan. Ọdún mẹ́fà tí mo ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mi ò ka ojú ìwé yẹn rí.

A jọ ṣírò ẹ̀. Basic lọ́nà mẹ́fà, 1,080,000. Nótíìsì, 180,000. Lííìfù ọjọ́ 11 tí mi ò lò, nínú ọjọ́ iṣẹ́ 22, ìyẹn ìdajì owó oṣù, 155,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,415,000. Wọ́n fẹ́ fún mi ní 620,000. Mo ti kọ ímeèlì bí Àǹtí Títí ṣe ní kí n kọ ọ́, mi ò dárúkọ ọmọ kankan. Mo tún ti pe PFA.


Ìyá Alátarẹ, Wuse Market:

Ọmọ mi, ìyàwó dáa. Ẹ jẹ́ n wá sọ ti owó, torí ibẹ̀ lèmi ti ń rí yín. Tí wọ́n bá ti dá èèyàn dúró ní ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ wa lọ́jà ló ń sáré wá, á ní "Mama, kí ni mo lè tà?" Owó ó-dàbọ̀ á máa jó o nínú àpò. Mo máa ń ní lọ jókòó sílé fún oṣù kan ná.

San owó ilé kọ́kọ́. Abuja ni a wà, láńdílọ́ọ̀dù ò mọ pé wọ́n lé ọ níṣẹ́. Lẹ́yìn náà, owó ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, ra ìrẹsì àti gàrì àti òróró tó máa tó oṣù mélòó kan, gbé e kalẹ̀, kí ọkàn ìyàwó ẹ balẹ̀. Èyí tó bá kù, fi í síbi tí ATM ò ti lè dé. Má sì dárúkọ iye owó yẹn fún ẹnikẹ́ni, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, àti fún ẹ̀gbọ́n ẹ tó ń bọ̀ láti ilé. Owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í ní ìkejì, àwọn ẹbí ò mọ èyí, wọ́n ń rò pé owó oṣù ni.

Kí ẹ wá gbọ́ ti adìẹ. Àbúrò ọkọ mi, akáǹtánọ̀, ìwé kún orí ẹ̀, ó kó gbogbo owó ó-dàbọ̀ ẹ̀ lé adìẹ ní Kuje, ẹgbẹ̀rún kan adìẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní òun ti ṣe é lórí Excel. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún ó pè mí ní òru, ó ní àwọn adìẹ ò gbórí sókè mọ́. Ìwé ni wọ́n kọ́ ọ, adìẹ ò kàwé. Ẹni tó bá fẹ́ sin adìẹ, kó kọ́kọ́ lọ bá ẹlòmíì kó ìgbẹ́ adìẹ fún oṣù mẹ́ta.


Ṣeun, Mararaba:

Mama, ẹ ti pa wá 😂😂 mo jọ̀wọ́ láptọ́ọ̀pù o.


Àǹtí Títí, Gwarinpa:

Ṣeun ti ronú pìwà dà. Bàbá Kémi, kí wọ́n tó fèsì, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Ẹ kọ handover yín dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbà á padà: ohun tó parí, ohun tó kù, ibi tí fáìlì wà, ẹni tí wọ́n lè pè. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti ṣe é dáadáa fún ẹni tó ń lé e lọ. Àmọ́ Abuja yìí kéré, ọ̀gá yín yẹn náà lè máa wáṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ yàrá interview kan náà lẹ ti máa pàdé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ lójúkojú pé ṣé ó máa ṣe reference fún yín, kẹ́ ẹ sì gba ímeèlì tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì.

Láptọ́ọ̀pù, ṣájà, káàdì, kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé méjì, kí ẹni tó gbà á sáìn, kẹ́ ẹ mú ọ̀kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ owó láptọ́ọ̀pù nínú owó ẹni tó dá a padà, torí ẹni tó gbà á náà ti kúrò.


Lọ́yà Kékeré, Garki:

Tí wọ́n bá sì san díẹ̀ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ìwé tí ẹ bá sáìn pé ẹ gba iye báyìí, pé ẹ ò tíì jọ̀wọ́ èyí tó kù. Àwọn lọ́yà ń pè é ní without prejudice. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ ní ó dáa, ẹ máa dúró.


Bàbá Kémi, Kubwa:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọjọ́ iṣẹ́ kẹsàn-án rèé.

Wọ́n fèsì. Wọ́n kọ́kọ́ ní handbook ti yí padà, pé oṣù méjì lásán ni wọ́n ń san fún gbogbo èèyàn báyìí. Mo kọ̀wé padà, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí tí mo sáìn lẹ́yìn ìyípadà yẹn ránṣẹ́. Ọjọ́ méjì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́rú, arábìnrin tí mi ò rí rí yẹn fúnra ẹ̀ ló pè mí, ohùn ẹ̀ rọ̀ o, ó ní àṣìṣe wà nínú ìṣirò, pé 1,415,000 ni wọ́n máa san, wọ́n á yọ 240,000 kọ́púrétíìfù níbẹ̀, ó ku 1,175,000. Wọ́n ti fi ìṣirò ẹ̀ ránṣẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pẹ́ńṣọ̀n: oṣù márùn-ún ni kò sí níbẹ̀! Ọmọ Ọ̀ffà, kí Ọlọ́run bù kún ọ. Wọ́n ti san mẹ́ta, wọ́n ní méjì tó kù máa wọlé kí oṣù tó parí, mo ní mi ò ní sáìn ìwé kejì yẹn títí tí n ó fi rí i nínú statement. Lọ́yà Kékeré bá mi wo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀.

Láńdílọ́ọ̀dù ní òun ò gba oṣù mẹ́fà, ọdún kan lòun ń gbà, àmọ́ ó fi oṣù kan ààyè fún wa. Ìyá Kémi ti ka ọ̀rọ̀ èèmọ́ Ìwọ̀fà Oṣù, kò sí ọjọ́ tí mo wọlé tí kì í yẹ etí ṣòkòtò mi wò.

Lọ́la ni mo ń lọ dá láptọ́ọ̀pù padà. Mo ti tẹ ìwé tí wọ́n máa sáìn sí méjì. Awò ojú mi ṣì wà lórí tábìlì ọ̀hún, wọ́n ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìyẹn náà ni mo fẹ́ lọ mú.